Rárá o, kì í ṣe gírámà ni mò ń kọ́

Mo fẹ́ kọ èyí kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n lè máa fi líńkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá tún bi mí, torí ìbéèrè yẹn ti ń sú mi: "Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tóo ti ń sọ láti kékeré yìí, kò tíì tó ẹ ni?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó ń ṣe PhD nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í kọ́ ọ ní gírámà o. Ẹni tó bá ṣì ń wá gírámà kiri, wọn ò ní gbà á wọlé gan-an. Ohun tí wọ́n gbà wá fún ni pé kóo wá ìbéèrè kan nípa ìwé, èyí tí kò tíì sẹ́ni tó dáhùn ẹ̀ tẹ́ni lọ́rùn, kóo lo ọdún mélòó kan lórí ẹ̀, kóo kọ ìdáhùn ẹ kó nípọn tó ìwé gidi, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá jókòó yí ẹ ká kí wọ́n máa bi ẹ́ léèrè títí tọ́rọ̀ á fi tán lẹ́nu ẹ tàbí lẹ́nu tiwọn.

Owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló gbé ọ̀pọ̀ yín wá síbí, ẹ má tijú. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì tó bá dáa kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe PhD, àwọn gan-an ló máa ń san owó oṣù fún ẹ, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ṣèlérí, ẹ sì lè wọlé pẹ̀lú dìgírì àkọ́kọ́ nìkan láìní másítà. Ní ìlú ọba ó yàtọ̀: kò sí kíláàsì, ìwádìí ni lójú ẹsẹ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tóo máa kọ sì máa ń wà láàárín 80,000 sí 100,000, àmọ́ owó tí wọ́n ń fún àlejò kò pọ̀ rárá. (Lóòótọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí wà lára àwọn tó ṣì lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àtọmọ dání lẹ́yìn òfin oṣù kìíní 2024, ìdí nìyẹn táwọn kan fi dédé nífẹ̀ẹ́ Shakespeare.) Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, kò burú, àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ pọ̀ nílé ju báa ṣe ń rò lọ, àmọ́ kó fi ti ìyanṣẹ́lódì kún ìṣirò ẹ̀. Ti 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni.

Kí àwọn òbí tó ń kà á má sì bínú jù. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀ lọ ka ìwé ìtàn kì í ṣe tòní. Chinua Achebe, sikọ́láṣíìpù ìmọ̀ ìṣègùn ló gbé e dé Ìbàdàn lọ́dún 1948, nígbà tí yunifásítì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé dìgírì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ọdún kan ló ṣe é, ó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, sikọ́láṣíìpù sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹbí ló bá a wá owó tó fi kàwé tán. Ẹ̀yin náà ẹ rí ohun tó fi ṣe.

Ohun tó máa gbé yín wọlé ni wọ́n ń pè ní writing sample, ìyẹn àpilẹ̀kọ tẹ́ẹ fọwọ́ ara yín kọ lórí ìwé kan, bí ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí márùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ò béèrè GRE (ìdánwò àṣewọlé) mọ́, máàkì first class sì pọ̀ káàkiri ayé, àmọ́ àpilẹ̀kọ yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ lè béèrè nǹkan kí ẹ sì tẹ̀ lé e débi tó ń lọ. Èyí tí mo sábà máa ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, ìtàn inú ìwé ni wọ́n máa ń tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á wá fi "the author uses symbolism to portray corruption" parí ẹ̀. Ta ló ń bá yín jiyàn pé ìwà ìbàjẹ́ ò sí? Ẹ wá nǹkan tẹ́nì kan lè sọ pé irọ́ ni! Owó fọ́ọ̀mù náà, ẹ fi ímeèlì bẹ̀ wọ́n kẹ́ẹ tó san án, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fojú fò ó.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, kíláàsì ni. Èmi rò pé iṣẹ́ lórí ìwé àwọn ọmọ Áfíríkà ni mo bá wá, wọ́n ní kí n lọ jókòó ka Chaucer, Gẹ̀ẹ́sì ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, táwọn ọmọ òyìnbó tó wà nínú kíláàsì fúnra wọn ò lè kà láìwo ìtumọ̀ létí ìwé. Ká sòótọ́, ibẹ̀ lara ti kọ́kọ́ tù mí, torí gbogbo wa la jọ dàlejò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò ńlá, wọ́n á fún ẹ ní ìwé tó lè tó ọgọ́rin tàbí ọgọ́rùn-ún kóo lọ kà, o máa kọ ìdánwò ẹ̀, o sì máa fẹnu dáhùn níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń ka gbogbo ẹ̀ láti páálí dé páálí, ẹni tó bá ní òun kà á, ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá o mọ ẹni tó ti béèrè kí ni, ẹni tó ta kò ó, àti ibi tí àríyànjiyàn yẹn dúró sí kóo tó dé.

Owó tí wọ́n ń san yẹn, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi ń gbà á padà. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí wọ́n ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ. Ọmọ kan gbọ́ orúkọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ṣé èmi gan-an ni mo máa kọ́ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kó ṣí ìwé ẹ̀. Ìwé wọn tí à ń máàkì ló ń pa èèyàn níbẹ̀, pàápàá látìgbà tí ChatGPT ti ń bá wọn kọ ọ́, ojú ewé kejì lo ti máa mọ̀ torí ọ̀rọ̀ ń dán gbinrin àmọ́ kò sóhun tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ mọ̀.

Ìwádìí tèmi, Amos Tutuola ni. Ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n bí i lọ́dún 1920, ọdún bíi mẹ́fà péré ló lò nílé ìwé, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ló ń ṣe l'Ékòó nígbà tó kọ The Palm-Wine Drinkard, ìwé nípa ọ̀mu tó wá ẹlẹ́mu ẹ̀ lọ sílùú àwọn òkú. Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Akéwì Dylan Thomas kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Observer, ó gbé e ga gan-an, inú àwọn òyìnbó dùn sí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ bí ẹni rí nǹkan tuntun. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ní tiwọn gbaná jẹ, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé ọkùnrin yìí dójú tì wá, òyìnbó á máa rò pé báyìí ni gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́. Ẹ wá wò ó o: inú ìwé yẹn gan-an, Faber fi àwòrán ojú ewé kan sí i látinú èyí tí Tutuola fọwọ́ kọ, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lórí ibẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó yìn ín àtàwọn tó bú u, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bó ṣe bọ́ lẹ́nu ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tó ń yan èyí tó máa tún ṣe àtèyí tó máa fi sílẹ̀. Kí ló dé tó tún èyí ṣe, tó fi ìyẹn sílẹ̀? Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn kan náà di eré Yorùbá n'Ìbàdàn lọ́dún 1963, àríyànjiyàn gírámà ò rọ́nà wọlé síbẹ̀ mọ́, ìyẹn náà sì ti di ṣápítà kan lọ́wọ́ mi.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ìbàdàn ni Tutuola kú sí lọ́dún 1997, àmọ́ ìwé àfọwọ́kọ ẹ̀ àti lẹ́tà ẹ̀, Austin ni wọ́n wà ní Texas, ní Harry Ransom Center, ibi tí yunifásítì ibẹ̀ ti ń tọ́jú ìwé àwọn òǹkọ̀wé. Ti Achebe wà ní Harvard, ti Ṣóyínká náà wà ní Harvard. Mi ò sọ pé jíjí ni wọ́n jí wọn o, wọ́n ń tọ́jú wọn, iná kì í lọ, òjò ò sì jò sí wọn lára. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Bódìjà, tó fẹ́ kọ̀wé nípa ọkùnrin tó gbé ìlú kan náà pẹ̀lú ẹ̀, físà Amẹ́ríkà ló máa kọ́kọ́ wá. Owó ìrànwọ́ wà fún olùwádìí tó bá fẹ́ lọ lo ti Austin yẹn, ẹ wò ó lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Tẹ́ẹ bá débẹ̀, wọ́n á gba báàgì, wọ́n á gba bírò, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà láyè, fódà kan sì lẹ máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo lọ, ń ṣe ni mò ń fi etè ka Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin yẹn bíi Yorùbá, ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé mi jáde!

Kíkọ rẹ̀ gan-an ló burú jù, mi ò ní fi bò fún yín. Súpáfáísọ̀ mi máa ń dá ṣápítà padà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, gbólóhùn kan lẹ́yìn ìkejì, èyí tóo fẹ́ràn jù ló máa kọ́kọ́ jù nù. Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà sì ti ń dín kù láti bí ọdún 2008, àwọn tó ń gba PhD pọ̀ gan-an ju àyè tó wà lọ, àwọn kan parí ẹ̀ wọ́n bọ́ sídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tàbí ọ́fíìsì yunifásítì, àwọn kan padà sílé. Tó bá jẹ́ torí físà nìkan, ẹ lọ ka data science jàre, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tẹ́ẹ bá ní ìwé kan tí kì í jẹ́ kẹ́ẹ sùn, mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń sanwó fún èèyàn kó máa ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, oṣù kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń parí. Ẹ má fi CV ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fi sátífíkéètì ránṣẹ́. Ojú ewé márùn-ún àkọ́kọ́ nínú writing sample yín ni kẹ́ẹ fi ránṣẹ́, mo máa kà á, mo sì máa sọ òótọ́. Kó tó di ìparí oṣù kẹwàá o, torí tó bá ti di oṣù kọkànlá, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti kún orí tábìlì.