Ohun Tí Ọ̀dọ́ Màlúù Ń Wá Nínú Egungun

Bí mo bá rí ọ̀dọ́ màlúù tí ó ń jẹ egungun, n kì í pè é ní àjẹkì, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà kan tí ó wà nínú egungun, ni kò tó nínú oúnjẹ rẹ̀. Koríko tí ó ti gbó tí ó sì ti gbẹ kì í ní èròjà yìí tó, egungun òkú ẹran sì lè ní májèlé tí ń rọ màlúù lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò lè dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láìsí kálísíọ́ọ̀mù, èyí tí ìdá 99 nínú 100 rẹ̀ wà nínú egungun àti eyín. Àgbàdo àti ọkà mìíràn ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kálísíọ́ọ̀mù wọn kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ọkà bọ́ màlúù kí ó lè tètè sanra gbọ́dọ̀ po òkúta ẹfun lílọ̀ mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó dì nínú ìtọ̀ lè dí ojú ìtọ̀ akọ màlúù, pàápàá èyí tí a ti tẹ̀ lọ́dàá.

Iyọ̀ ni màlúù máa ń wá fúnra rẹ̀ dáadáa. Èròjà bàbà (copper) ni ó ṣòro jù lójú tèmi: nǹkan bíi mílígíráàmù 10 nínú kílò oúnjẹ gbígbẹ kan máa ń tó, àfi bí imí-ọjọ́ tàbí èròjà mìíràn tí ń jẹ́ molybdenum bá pọ̀ nínú oúnjẹ, tí irun ẹran á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ẹ má sì jẹ́ kí àgùntàn lá èròjà tí a pò fún màlúù, nítorí pé bàbà inú rẹ̀ lè pa á.