Fọ́ọ̀mù físà kì í béèrè àwọ̀ ara

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Ọ̀fà níbí, kò jìnnà sí Poly. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sílé, fọ́ọ̀mù físà ló ń bá mi san owó iná. Ẹni tí wọ́n bá sì kọ̀ ní físà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde: "Torí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni." Bí Alhaji kan tó ń ta páànù ṣe wí gan-an nìyẹn, nígbà tí orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù dá pásípọ́ọ̀tù ọmọ wọn padà. Lẹ́tà tó bá a wá ní kò dá àwọn lójú pé ọmọ náà máa padà wálé. Ọmọ tó fi ìyàwó àti ọmọ ìkókó sílẹ̀ ní Ọ̀fà, tó kàn fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀!

Mo bá Alhaji kẹ́dùn, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán.

Ẹ wo DS-160, fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà. Ó ń béèrè orúkọ bàbá àti ìyá, ó ń béèrè orúkọ tí èèyàn ń lò lórí Facebook, ó tilẹ̀ ń béèrè bóyá èèyàn ní ẹ̀yà tàbí agbo ilé kan tó ti wá. (Ìyá kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo ní kí n kọ Ìgbómìnà síbẹ̀, wọn ò fẹ́ gbọ́ Yorùbá rárá. Mo kọ ọ́.) Kò síbi tó ti béèrè àwọ̀ ara. Orúkọ orílẹ̀-èdè lẹ máa mú, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti máa ń yà.

Ẹni tó dúdú jù mí lọ, bó bá ti ní páálí (pásípọ́ọ̀tù) Barbados, kò nílò físà láti lọ ṣe àbẹ̀wò ní Faransé. Àwọn ará Seychelles àti Mauritius, tí wọ́n jẹ́ ará Áfíríkà bíi tiwa, náà ò nílò rẹ̀. Ará Jamaica wà lára àwọn tí Ìlú Ọba gbà pé Gẹ̀ẹ́sì lèdè wọn, wọn kì í ní kí wọ́n ṣe ìdánwò èdè kí wọ́n tó fún wọn ní físà. Àwa tí wọ́n ń nà torí pé a sọ Yorùbá ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ wa ló ń san owó IELTS. Àwọ̀ kọ́ nìyẹn. Páálí ni.

Ṣùgbọ́n bí aṣòfin kan bá wá sọ fún mi pé páálí nìkan ni àwọn ń wò, èmi náà á ní kí ó jókòó ká jọ sọ ọ́. Ní 1968, àwọn tí ìran wọn ti Íńdíà wá, tí wọ́n ń gbé Kenya, di páálí Ìlú Ọba mú, ojúlówó. Bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí London, ilé aṣòfin ibẹ̀ sáré ṣe òfin láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Òfin náà ò dárúkọ àwọ̀ kankan. Ohun tó wí ni pé, bí wọn ò bá bí ìwọ, òbí rẹ, tàbí òbí àgbà rẹ sí Ìlú Ọba, tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì gba ìwé ọmọ ìlú níbẹ̀, wàá gbàṣẹ kí o tó wọlé. Òyìnbó tó ń dáko ní Kenya ní bàbá àgbà ní Scotland. Àwọn yòókù ńkọ́? Páálí kan náà o! Ní 1973, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Títí dòní, físà tí wọ́n ń fún ọmọ Commonwealth nítorí òbí àgbà tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba ṣì wà. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹ̀tọ́ wa ni. Àmọ́ Ọ̀fà ni wọ́n bí bàbá bàbá mi sí, ibi tó sì jìnnà jù tí ẹsẹ̀ wọn dé ni Kumasi ní Ghana.

Èyí tó bí mi nínú jù, torí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, ni ètò kan tí ilé iṣẹ́ ìjọba ní London fi ń pín àwọn tó ń tọrọ físà sí pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá wà lára ohun tó ń wò. Ẹni tó bá bọ́ sí pupa, wọ́n á tú u wò kínníkínní, wọ́n á sì kọ ọ̀pọ̀ wọn. Iye tí wọ́n kọ̀ yẹn á tún di ẹ̀rí pé ìlú wọn ò dára. Àwọn agbẹjọ́rò gbé e lọ sílé ẹjọ́, ìjọba sì pa á tì ní August 2020, kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́.

Kumasi tí mo dárúkọ yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi ti ń ta àwo. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde. Àwọ̀ wo ni wọ́n fẹ́ fi dá wọn mọ̀? Ilà ojú ni. Ìyá àgbà ní obìnrin tó ń jẹ sààráà nílé àwọn lọ́dọọdún ló wá dúró ti igbá ọjà àwọn, tó ń ná àwo ní ìdá mẹ́rin iye rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ọkọ̀ ń dúró. Wọ́n tà á fún un. Nígbà tó di January 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà níbí fún àwọn ará Ghana náà ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó jáde sì lé ní mílíọ̀nù kan. Àwa Yorùbá tí wọ́n lé ní Ghana wà lára àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ò pàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Wọ́n fi Twi, èdè àwọn ará Kumasi, bú ìjọba fún ọmọ Ghana tó ń ran bàtà ládùúgbò.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n máa ń wá bá mi pé kí n bá àwọn ṣe ayédèrú ìwé báǹkì, kí n fi òdo méjì kún owó tó wà níbẹ̀. Èmi ò ṣe é, àmọ́ mo mọ àwọn tó ń ṣe é. Oníṣẹ́ físà tó bá ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ, mi ò lè bá a jà pé ó ń fura. Ohun tí màá bá a jà lé lórí ni pé ìwé báǹkì ọmọ Alhaji kì í ṣe ayédèrú. Ẹ̀ka tí wọ́n ti fún un, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lókè ìwé náà. Ó yẹ kí ẹnì kan ti pè é.