Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ síbi ìjókòó káńsù ìlú yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ káńsù ni mo gbé wá lónìí o. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ alága ló máa ń gba ẹnu gbogbo ayé, alága ra jíìpù, alága gbé kọ́ńtíráàtì fún àna ẹ̀, gómìnà ò jẹ́ kí alága rí owó ná. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ tó ń jókòó nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn sẹkitéríàtì yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí owó tí ìyá yín ń san lórí ìsọ̀ lọ́jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ibi tí wọ́n máa da pàǹtí sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ títì yín lórúkọ. Èmi máa ń lọ. Ọ̀rọ̀ gọ́tà àdúgbò wa ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀, gọ́tà yẹn ti yanjú báyìí, mi ò sì dẹ́kun àtimáa lọ, torí ohun tí mo ń rí níbẹ̀ wọ̀ mí lára, ó sì ń dùn mí gan pé àga tí wọ́n tò fún ará ìlú máa ń ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń lọ fún ẹni tí ò débẹ̀ rí. Olórí ilé àwọn káńsẹ́lọ̀ á wọlé, gbogbo èèyàn á dìde, wọ́n á gbé ọ̀pá àṣẹ síwájú, mùsùlùmí á ṣàdúrà, onígbàgbọ́ á ṣàdúrà, kíláàkì á wá máa pe orúkọ àwọn káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù. Tí wọn ò bá tó iye tí òfin ilé ní kí wọ́n jẹ́, ìjókòó ò lè wáyé nìyẹn, kálukú á padà sílé. Ẹ má rò pé wọ́n pọ̀ lọ títí o. Wọ́ọ̀dù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 8,809, ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ 774, tí ẹ bá pín in, bíi mọ́kànlá ló ń kan káńsù kan. Nínú ẹni mọ́kànlá, tí mẹ́rin bá lọ síbi òkú, tí méjì wà ní Èkó, iṣẹ́ gbogbo ìlú lè dúró nìyẹn, ìdí tí mo fi máa ń sọ fún wọn ní àdúgbò wa pé kí wọ́n máa bi káńsẹ́lọ̀ wa léèrè bóyá ó lọ ìjókòó, kí wọ́n tó bi í bóyá ó ra ìrẹsì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mínítì ìjókòó tó kọjá, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Ibí yìí ni oorun ti máa ń kun ọ̀pọ̀ èèyàn, kíláàkì á máa kà á lọ, ilé bẹ̀rẹ̀ ní aago báyìí, ọlọ́lá yìí sọ tibí, ọlọ́lá tọ̀hún fèsì. Ẹ má sùn o! Mínítì ni ẹ̀rí tó wà. Ohun tí wọn ò bá kọ síbẹ̀, wọn ò sọ ọ́ nìyẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí káńsẹ́lọ̀ obìnrin kan dìde nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní àwọn gbọ́ létí ara àwọn nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ka ìlera ṣèlérí nínú ilé yìí pé wolé-wolé máa dé odò ẹran kí oṣù tó parí, àwọn ò sì gbọ́ ọ nínú ohun tí kíláàkì kà. Wọ́n yẹ ìwé wò, òótọ́ ni, wọ́n fi kún un, ẹnìkan dábàá kí ilé gba mínítì wọlé, ẹlòmíì kín in lẹ́yìn, wọ́n kọjá lọ. Àmọ́ látìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ tó jẹyọ nínú mínítì, odò ẹran máa ń wà níbẹ̀, ọ̀gá yẹn ò sì lè sọ pé òun ò rántí. Mo fẹ́ràn káńsẹ́lọ̀ yẹn gan. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń tẹ́tí ni.

Ìwé tó wọlé ló tẹ̀lé e. Ó lè ti ọ̀dọ̀ alága wá, ó lè ti ìpínlẹ̀ wá, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ Márúwá wá. Ẹ kọ ọ́ sí olórí ilé, ẹ gbé e gba ọ̀dọ̀ kíláàkì, kó jẹ́ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Òǹtẹ̀ yẹn wúlò ju kí ẹ mọ àbúrò káńsẹ́lọ̀ lọ, torí tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbà pé ìwé yín dé ọ̀dọ̀ àwọn, tí wọn ò bá sì kà á nílé, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa mú dání lọ bèèrè. Ìwé gọ́tà tiwa ò ju ojú ewé kan lọ. Ibi tí gọ́tà ti dí, àwọn ilé tí omi ń wọ̀, fọ́tò, orúkọ àwa tí a fọwọ́ sí i. Kò sí gírámà kankan níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni káńsù tiẹ̀ lágbára lé lórí. Ó pọ̀ o. Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ lọ sí ẹ̀yìn pátápátá níbi tí wọ́n kọ Fourth Schedule sí. Ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, ṣáláńgá gbogbo ìlú, kíkó pàǹtí, orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú àti ìgbéyàwó, sáínbọ́ọ̀dù, kíósìkì, bùkà, alágbàfọ̀, títí dórí ajá tí ẹ ń sìn. Láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, báróò àti ọmọlanke, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera náà, káńsù ní ìpín tiẹ̀ nínú ẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Ní 1998, ìjọba ológun tún ṣe òfin tó to owó tí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ lè gbà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó àríyá àti dídí títì sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta kánópì dí àdúgbò ní Sátidé, ẹ gbọ́ o. Owó ọjà náà wà níbẹ̀, àyàfi ọjà tí ìpínlẹ̀ bá fi owó sí. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbégi dínà fún ọkọ̀ torí pé ó fẹ́ gba owó orí. Ìdí rèé tó fi dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n, torí èèyàn tí ò mọ̀ á kàn máa san án ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù rèé, ìyẹn báyíló, òfin tí káńsù fúnra ẹ̀ ń ṣe. Tí káńsù bá fẹ́ gba owó kan tàbí kó pàṣẹ nǹkan kan fún ìlú, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí wọ́n sì gbé e wá sílé. Kíkà àkọ́kọ́, àkọlé ẹ̀ nìkan ni kíláàkì máa kà, kò sí àríyànjiyàn kankan. Kíkà kejì ni wọ́n máa ń sọ ọ́ dáadáa, ṣé ó dáa, ṣé kò dáa, ṣé ìlú nílò ẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á, ó di ọwọ́ kọmítì, kọmítì ló máa wá tú u ní ìlà ní ìlà, iye tí wọ́n máa san, ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda, ìyà tó tọ́ sí ẹni tí ò san. Kọmítì á padà wá jábọ̀, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kẹta, alága á buwọ́ lù ú, ó dòfin. Ìgbà wo wá ni àwọn ará ọjà máa ń gbọ́ sí i? Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé! Wọ́n á ti ọjà pa, wọ́n á gbé ewé lọ́wọ́ lọ sáàfin, kábíyèsí á ní kí wọ́n ṣe sùúrù, alága á bọ́ sórí rédíò á ní ilé ló ṣòfin, òun kàn fọwọ́ sí i ni. Òótọ́ ló sì sọ. Ilé ló ṣe é, ní gbangba, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò kàn sí aráàlú kankan níbẹ̀ ni.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ó yí padà, àárín kíkà kejì sí ìgbà tí kọmítì máa jábọ̀ ni kí ẹ dé. Ìgbà yẹn iye tó wà nínú ìwé ṣì ṣeé tún ṣe. Mo rí ìyá aláta kan tí wọ́n jókòó níwájú kọmítì nígbà tí owó ọjà wà nílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ní lọ́kọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tó tẹ́ àpò sílẹ̀ pàtẹ ata, ṣé iye kan náà lẹ fẹ́ kí wọ́n máa san? Wọ́n tún ní àwọn tó ń ti oko wá, ọjọ́ ọjà nìkan ni wọ́n ń wá, kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ ní oṣooṣù fún wọn? Àwọn káńsẹ́lọ̀ dákẹ́, wọ́n ń wo ara wọn. Mi ò rò pé wọ́n fẹ́ ṣìkà, wọn ò tiẹ̀ ronú débẹ̀ ni, ẹni tó kọ ìwé yẹn fún wọn lè má ti jókòó sórí àpótí lọ́jà rí. Nígbà tí báyíló náà padà dé iwájú ilé, owó náà ti pín sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, olóko ń san ti ọjọ́ tó bá wá. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò gbà tó ìdajì wákàtí o, kò sì sẹ́ni tó ti ọjà.

Yorùbá ni wọ́n sì fi sọ gbogbo ẹ̀. Èyí ká mi lára gan. Ìwé òfin, ní section 97, gbà kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lo èdè míì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ yàtọ̀ sí òyìnbó, ilé aṣòfin Èkó ti ń fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, kí ló wá dé tí káńsù ìlú kékeré tí gbogbo wọn jẹ́ Yorùbá ṣe ń fi òyìnbó tí ò dán mọ́rán bá ara wọn jà? Nígbà tí wọ́n bá bọ́ sí Yorùbá, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ á tutù, á ṣe tààrà, káńsẹ́lọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ á sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí mínítì náà wà ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta, kí ẹni tó bá wá sanwó lè kà á.

Àwọn bàbá wa ò rí nǹkan yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣáájú òfin 1952 ti Western Region, Native Authority ló wà, ọba àti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń pàṣẹ, òfin yẹn ló gbé káńsù tí aráàlú dìbò yàn kalẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1976 ìjọba ológun sọ ọ́ di ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo Nàìjíríà. Òfin 1999, section 7, ní káńsù tí wọ́n dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ wà, síbẹ̀ ẹ mọ̀ bí àwọn gómìnà ṣe ń tú wọn ká tí wọ́n ń fi kàtékà, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò dìbò yàn, sípò, tí kàtékà bá sì ti wà, ìjókòó káńsẹ́lọ̀ ò sí mọ́ nìyẹn, kò sí mínítì, kò sí kíkà kejì, kò sí ibi tí ìyá aláta fẹ́ jókòó sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kàtékà ò bófin mu, wọ́n sì ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Owó tó bá dé ṣá, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ wọ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì sì rèé, iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń bọ̀, torí náà ẹ bá wọn jókòó lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ń gbé e yẹ̀ wò, ẹ wo iye tó wà fún gọ́tà àti iye tó wà fún àlejò alága. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè fún yín ní ẹ̀dà, òfin Freedom of Information ti 2011 wà níbẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ ní 2025 pé òfin náà kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Odò ẹran tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wolé-wolé ti débẹ̀, wọ́n kọ àbọ̀ wá, ó sì ti di àbá báyíló báyìí, kíkà kejì ẹ̀ ló kàn. Mo ti lọ bá àwọn alápatà. Wọn ò bínú sí owó orí màálù tí káńsù fẹ́ gbà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí omi ẹ̀rọ kọ́kọ́ máa yọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà, torí omi tí wọ́n fi ń fọ ẹran, rírà ni wọ́n ń rà á. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní Yorùbá, ẹ̀dà méjì, wọ́n sì ti yan ẹni méjì tó máa lọ jókòó pẹ̀lú kọmítì.