Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe owó ẹbí

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá bàbá àti ẹ̀gbọ́n yín ṣe ẹ̀rọ oko, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Owó iṣẹ́ wa kì í wọlé lójoojúmọ́. Ìgbà tí ìkórè bá kù díẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ máa ń sanwó sílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ á dá. Owó àsansílẹ̀ yẹn la fi ń ra irin, bẹ́ríǹ (òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀) àti ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ ló jẹ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn án. Ó fi parí òrùlé ilé bàbá wa, kò sì sọ fún mi. (Kí ẹnikẹ́ni má wí pé mò ń tú àṣírí ilé síta o. Ẹni tí ẹ̀rọ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lóko ti pariwo jù mí lọ.) Ìgbà tí mo máa fi gbọ́, owó tó kù kò ra irin gidi tí a fi ń ṣe ọ̀pá tó gbé dúrọ́ọ̀mù ẹ̀rọ tí ń yin àgbàdo. Ó lọ ra irin àlòkù, ó ní irin ni irin ń jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì ara rẹ̀ (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gbà lórí) jẹ́ íǹṣì 6, tí ti dúrọ́ọ̀mù jẹ́ íǹṣì 15, dúrọ́ọ̀mù á máa yí nígbà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Irin ńlá tó ní eyín yíká ara ló ń sáré bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀pá rẹ̀ wọ́ díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀rọ á máa gbọ̀n.

Ọ̀sán ni oníbàárà tó ra ẹ̀rọ náà pè mí. Kò kí mi. Ó kàn gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ. Kàn-kàn-kàn ni mò ń gbọ́. Mo ti mọ̀: eyín dúrọ́ọ̀mù ló ń lu asẹ́ irin abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ mo fọwọ́ kan ilé bẹ́ríǹ, ó jó mi. Gírísì ti yọ́ dànù. Mo bu àgbàdo tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, èyí tó fọ́ pọ̀ ju odindi lọ, bẹ́ẹ̀ irúgbìn ni bàbá oníbàárà yẹn fẹ́ fi ṣe. Òjò ti ṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó lórí àpò òfìfo, wọ́n ń wò mí. Bàbá náà wá ní, "Ṣé bàbá rẹ mọ̀ pé irú èyí lẹ ń tà báyìí?" Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

A pààrọ̀ ọ̀pá náà, a san owó àgbàdo tó fọ́, ó gbà. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ kìíní: owó àsansílẹ̀ kì í ṣe owó ẹbí. Kó ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹni méjì máa buwọ́ lù ú. Títí ẹ̀rọ yóò fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, owó oníbàárà ni.

Ìkejì: ọjọ́ tí owó bá wọlé ni kí ẹ ra irin. Irin tó wà nílẹ̀ kò ṣeé fi kan òrùlé. (Mo mọ̀ pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ.)

Ìkẹta: ẹ kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín eyín dúrọ́ọ̀mù àti asẹ́, orí bàbá wa nìkan ló wà.

Àwọn kan ní iṣẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í pẹ́. Irọ́ ni. Ọdún 1913 ni August Claas dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ oko Claas sílẹ̀ ní Jámánì, àwọn arákùnrin rẹ̀ bá a ṣe é, ẹbí wọn ló ṣì ni ín. Ìṣòro tiwa kì í ṣe ti ẹbí. Ti owó àsansílẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní mo dójú ti òun níwájú àwọn ọmọṣẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù àkáǹtì tuntun wà lórí tábìlì, mo ti buwọ́ lu tèmi, òun kò tíì buwọ́ lu tirẹ̀. Àgbẹ̀ méjì sì ti pè pé àwọn fẹ́ sanwó sílẹ̀ fún ìkórè tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣì mú owó wọn dání.