Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Òkè Tí Ojú Ò Rí

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo kọ nǹkan márùn-ún sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó wà lára fìríìjì wa. Mo fẹ́ yege nínú ìdánwò iṣẹ́. Mo fẹ́ mú Màámi wá sí Amẹ́ríkà kí wọ́n wá fojú kan ọmọ-ọmọ wọn. Mo fẹ́ mọ odò wẹ̀. Mo fẹ́ máa tètè sùn. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí n gun kẹ̀kẹ́ láti Monkton, ní Maryland níbí, dé ìlú York ní Pennsylvania, lórí ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti àwọn yòókù. Ìdánwò: mo fìdí rẹmi ní oṣù Ẹrẹ́nà, mo yege ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, máàkì mẹ́ta péré ni mo fi lé. Màámi ò rí físà gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi bá wọn sọ̀rọ̀, owó tí a san ò sì padà. Odò wíwẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Ní ti oorun, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, kí n má purọ́.

Ó ku kẹ̀kẹ́.

Títí ni mò ń sún un síwájú. Nígbà ooru, èrò a máa pọ̀ jù ní Monkton, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó sínú rọ́bà kí odò máa gbé wọn lọ. (Gunpowder ni wọ́n ń pe odò náà. Ta ló ń fi ẹ̀tù ìbọn sọ odò lórúkọ?) Ó di ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà (Thanksgiving), ní ìparí oṣù Bélú, tí ìgbà ìwọ́wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ìbejì, tó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn dẹ àgbọ̀nrín ní Maryland. Bàbá Ìbejì mú fẹ́sìtì aláwọ̀ ọsàn méjì wá láti ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò, wọ ọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n fi wá pe ẹran." A sì ń gbọ́ ìbọn lókèèrè lóòótọ́.

Ibi tútù, ibi dákẹ́. Igi gbogbo ti wọ́wé tán, àfi igi beech tó di ewé gbígbẹ tirẹ̀ mú bí ahun. Northern Central ni rélùwéè tó ń gba ibẹ̀ kọjá láyé ọjọ́un. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú, ọdún 1863, òun ló gbé Ààrẹ Lincoln kúrò ní Baltimore nígbà tó ń lọ sọ̀rọ̀ ní Gettysburg lọ́jọ́ kejì. Ìjì Agnes ló ba ojú irin náà jẹ́ ní 1972; ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti wọ gbèsè ṣáájú, kò tún un ṣe mọ́. Ní 1984 ni wọ́n ṣí apá tó wà ní Maryland fún àwa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Kò sí òkè níbẹ̀. Ohun tí ojú mi ń sọ nìyẹn. Ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ṣùgbọ́n kí a tó dé White Hall, itan mi ti ń ta mí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tẹ táyà wò: atẹ́gùn kún inú rẹ̀. Mo gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá bíréèkì ló ń há a: ó yí dáadáa. Ní Parkton mo sọ fún Bàbá Ìbejì pé ó jọ pé àìsàn kan ń bọ̀ lára mi. Wọ́n ní kí n mu omi.

Inú mi bàjẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó jọ pé gbogbo ọdún ló gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn pẹ̀lú mi: ìdánwò tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì, Màámi tí wọ́n sunkún lórí fóònù tí wọ́n ní ọfìnkìn ni. Ọkùnrin ọdún mọ́kànlélógójì, ọ̀nà tó tẹ́ bí tábìlì ló ń dá a lágara.

A kọjá ààlà, a dé New Freedom, ìlú àkọ́kọ́ ní Pennsylvania. Irin ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Mo gun orí irin kan, mo dúró lé e bí a ti máa ń ṣe ní Òṣogbo nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bàbá òyìnbó kan tó ń mú ajá rìn bi wá pé níbo la ti ń bọ̀. Nígbà tó gbọ́ Monkton, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òkè lẹ ti ń gùn látàárọ̀. Orí rẹ̀ lẹ wà yìí."

Ẹsẹ̀ irin lórí irin a máa yọ̀, ọkọ̀ ojú irin ò lè gun òkè ganganran. Nítorí náà, àwọn tó la ọ̀nà yẹn gé òkè, wọ́n dí kòtò, wọ́n sì pín gíga náà káàkiri, díẹ̀díẹ̀, fún nǹkan bíi máìlì 14 tí a gùn yẹn. Ojú ò rí i. Itan ló ń rí i.

York ṣì ku bí ogún máìlì, oòrùn á sì wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. A ṣẹ́rí padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ̀kẹ́ ń lọ fúnra rẹ̀! Mo gbé ẹsẹ̀ lé e lásán, atẹ́gùn ń gbá mi létí, Bàbá Ìbejì ń kọrin níwájú, àfi ìgbà tí wọ́n gorí ewé tútù tí wọ́n sì ṣubú yakata. Mo ní ẹ kú ewu. Wọ́n ní kí n má sọ fún Ìyá Ìbejì.

Nígbà tí mo pe Màámi lálẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo dé York. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ṣé o jẹun?"

Mo ti kọ York sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tuntun. Físà Màámi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú odò wíwẹ̀. Mi ò kọ oorun.