Ọba Méjì Tó Jọra Bí Ìbejì

Ní alẹ́ àná, bí mo ṣe ń wo àwòrán àtijọ́ kan lórí fóònù mi, ọmọbìnrin mi yọjú láti ẹ̀yìn mi, ó sì béèrè pé, "Màmá, ṣé ìbejì ni wọ́n?" Mo ní rárá o, George Karùn-ún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀kan, Nicholas Kejì ọba Rọ́ṣíà ni èkejì, ìlú Berlin ni wọ́n sì ti ya àwòrán náà ní ọdún 1913.

Irùngbọ̀n kan náà, ojú kan náà, àní ìdúró wọn pàápàá kò yàtọ̀! Ọmọ Christian Kẹsàn-án, ọba Denmark, ni àwọn ìyá wọn: Alexandra tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló bí George, Dagmar àbúrò rẹ̀ ló bí Nicholas.

Ohun tó dùn mí jù ni pé, nígbà tí Nicholas pàdánù ìtẹ́ rẹ̀ ní 1917, George kò fẹ́ kí wọ́n gbà á sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́; ní oṣù keje ọdún 1918, wọ́n pa á pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún. N kò lè sọ ìyẹn fún ọmọ mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ ẹ ti rí àwòrán yìí rí?