Ọmọ mi dá oúnjẹ jẹ lónìí!

Ó ti pé oṣù 6, ó ti ń dá jókòó, ó sì ti ń nawọ́ sí àwo oúnjẹ mi. Mo se kárọ́ọ̀tì títí ó fi rọ̀, mo gé e gígùn bí ìka, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó fún un mọ́wọ́, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá, ó kì í bọnu. Àfi bó ṣe ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ojú rẹ̀ pọ́n. Àyà mi já! Ṣùgbọ́n ó ń húkọ́, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Tó bá há a lọ́fun pátápátá ni, kò ní lè dún. Mo rọra dúró tì í. Ó tu ú jáde, ó wò ó, ó tún kì í bọnu. Ọmú ṣì ni olórí oúnjẹ rẹ̀ o, àmọ́ inú mi dùn kọjá sísọ.